Bí ẹ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù kíréènì kéékèèké ní Jámánì: ìtọ́sọ́nà láti ọwọ́ rígà tó ti ṣe àṣìṣe

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ò pariwo mọ́ mi. Ó kàn wo ọwọ́ mi, ó wo bọ́ọ̀mù, apá gígùn tí mo fi gbé àwòṣe kíréènì rẹ̀ sókè bí ẹni tó fi etí mú ehoro, ó sì mí kanlẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, ìdí kíréènì ti yọ kúrò lára bọ́ọ̀mù, ó já lu káńtà, píìnì kékeré kan sì yí lọ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe rígà, ẹni tó ń so ẹrù mọ́ kíréènì, ní èbúté Apapa kí n tó kó wá sí London. Bí ọmọṣẹ́ kan bá so sílíǹgì (okùn ìgbẹ́rù) mọ́ bọ́ọ̀mù láti fi gbé odindi kíréènì níṣojú mi nígbà náà, ilé ni máa lé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èmi náà ni mo wá dé inú ṣọ́ọ̀bù tí mo ṣe ohun tí mò ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí sí, torí pé ẹ̀rọ náà kéré lójú mi.

Mo sanwó rẹ̀. Láti ìgbà náà mo ti wọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ará wa tó ń ṣiṣẹ́ sáìtì ní London àti Manchester sì máa ń bi mí bí wọ́n ṣe lè lọ. Àwòṣe ni ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀: kíréènì, katapílà, pélódà, lobẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ṣe bíi ti gidi láti orí ìkọ́ dé orí nọ́ọ̀tì, tí wọ́n kàn sọ ọ́ di kékeré. Bọ́ọ̀mù wọn ń nà, púlì wọn ń yí, owó wọn náà sì ń ya ènìyàn lẹ́nu. Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé.

1. Ẹ wọn pẹpẹ yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀

Nọ́ńbà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń kọ sára páálí báyìí: 1:50. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá to àádọ́ta irú rẹ̀ tẹ̀ léra, imú kan ìdí, ẹ ó rí gígùn ti gidi. Mítà kan lára ẹ̀rọ gidi di sẹ̀ǹtímítà méjì lára àwòṣe. Ìwọ̀n yìí ni àwọn tó ń kó kíréènì jọ ń lò jù. Àwọn tó ń to ọkọ̀ ojú irin kékeré ló ni 1:87, níbi tí mítà kan ti di sẹ̀ǹtímítà kan lé díẹ̀. Èyí tí ẹ bá rí tí wọ́n kọ 1:16 sí lára, ike ló sábà máa ń jẹ́, àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, ó sì tóbi débi pé ọmọ ọdún mẹ́rin lè fi gbẹ́ yanrìn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan yẹ̀ wò. Liebherr LTM 11200-9.1 jẹ́ kíréènì onítáyà, àáṣì mẹ́sàn-án, ìyẹn irin ìdábùú tó gbé táyà, ló ní, ìlú Ehingen ní gúúsù Jámánì ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n kọ fún un jẹ́ 1,200 tọ́ọ̀nù, bọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ń nà dé 100 mítà. Ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 20 mítà. Ní ìwọ̀n 1:50, ọkọ̀ náà di 40 sẹ̀ǹtímítà, pẹpẹ ìwé lásán gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ wá na bọ́ọ̀mù rẹ̀ tán: mítà méjì gbáko! Ó ga ju èmi tí mò ń kọ̀wé yìí lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Peckham ra kíréènì ńlá láìwọn ilé, kò síbi tó gbà á àfi ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn, gèlè ìyàwó rẹ̀ ló so rọ̀ lẹ́nu ìkọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ mú téèpù, kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin sínú fóònù yín: gígùn pẹpẹ, fífẹ̀ rẹ̀ láti ògiri sí etí, gíga láti orí rẹ̀ dé èyí tó wà lókè rẹ̀, àti gíga láti ilẹ̀ dé àjà. Ẹ yan ìwọ̀n kan ṣoṣo, kí ẹ má yà kúrò lórí rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rà jẹ́ kíréènì 1:87. Mo délé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ lobẹ́ẹ̀dì 1:50 tí ẹnìkan fi ta mí lọ́rẹ, ńṣe ló dà bíi pé lobẹ́ẹ̀dì ló bí i.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ gba èyí dání. Gígùn nìkan kọ́ ló ń dín kù, fífẹ̀ àti gíga náà ń dín pẹ̀lú rẹ̀, torí náà ìwúwo á pín sí 50 lọ́nà 50 lọ́nà 50, ìyẹn 125,000. Kíréènì tí mo sọ yẹn ń wọn nǹkan bí 108 tọ́ọ̀nù tó bá ń rin títì, 12 tọ́ọ̀nù lórí àáṣì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú àwọn ẹ̀yà kan kúrò lára rẹ̀. Ẹ pín in, kò tó kílò kan. Àmọ́ síńkì tó nípọn ni wọ́n fi rọ àwòṣe, bí ẹ bá gbé e ẹ ó mọ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Pẹpẹ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ògiri ò lè gbé e.

2. Ẹ mọ orúkọ ohun tí ẹ ń wá

Nílé, katapílà ni gbogbo ohun tó bá ń fi irin fà lórí ilẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, orúkọ iléeṣẹ́ kan ni. Ọdún 1925 ni iléeṣẹ́ Holt àti iléeṣẹ́ Best pa pọ̀ ní California, wọ́n sì gbé orúkọ tí Holt ti ń pe ẹ̀rọ rẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí, nítorí pé bó ṣe ń rìn jọ ti kòkòrò tó ń fàyà fà. Bí ẹ bá sọ pé katapílà lẹ ń wá, ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ aláwọ̀ yẹ́lò tó ní CAT lára ni wọ́n máa mú yín lọ, kódà tó bá jẹ́ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ Komatsu ló wà lọ́kàn yín. Bákan náà ni Hiab tí à ń pe gbogbo ọkọ̀ tó bá ní apá agbẹ́rù lẹ́yìn: iléeṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Hudiksvall, ní Sweden, lọ́dún 1944 ló ni orúkọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ Jámánì díẹ̀ tó yín. Kíréènì ni “Kran”. Èyí tó ní táyà ni “Mobilkran”, èyí tó dúró gogoro lójú kan níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni “Turmdrehkran”. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀ ni “Bagger”, pélódà ni “Radlader”. Kíréènì tó ń fi irin fà ni “Raupenkran”, katapílà tó ń tẹ́ ilẹ̀ sì ni “Planierraupe”. “Raupe” yẹn náà, kòkòrò tó ń fàyà fà ni. Ẹ ò rí i pé àwa nìkan kọ́. “Maßstab” ni ìwọ̀n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, òun lẹ ó rí lára páálí.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ ya fọ́tò ẹ̀rọ gidi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kí nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀mù hàn ketekete. LTM 1060-3.1 àti LTM 1090-4.2 jọ ara wọn lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n àáṣì wọn ò dọ́gba. Ẹ fi fọ́tò han ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

3. Ibi tí ẹ máa lọ, àti ọjọ́ tí ẹ ò gbọ́dọ̀ lọ

Bí ẹni tó ń wá àdìrẹ ṣe ń lọ sí Abẹ́òkúta, agbègbè Nuremberg ni ẹni tó ń wá irú ẹ̀rọ kékeré yìí ń lọ. NZG, iléeṣẹ́ tó ń ṣe àwòṣe, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1968. Kalchreuth, abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú náà, ni ilé Conrad, tí àwọn náà ń ṣe àwòṣe. Fürth, tó fara kan Nuremberg, ni wọ́n ti ń ṣe Bruder, èyí oníke tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn, àwọn Herpa tó ń ṣe 1:87 sì wà ní Dietenhofen. Àwọn ará Netherlands náà ò kẹ̀rẹ̀: WSI àti IMC ń ṣe kíréènì tó jíire. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ méjì rí nǹkan púpọ̀, Nuremberg ni kó gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú irin ayára á gbé yín láti ibẹ̀ dé Munich ní wákàtí kan lé díẹ̀.

Ẹ má ba owó ọkọ̀ jẹ́ nítorí Spielwarenmesse, ọjà ńlá àwọn ohun ìṣeré tí wọ́n ń ná ní Nuremberg níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àwọn oníṣòwò nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé. Bauma, ọjà ńlá àwọn ẹ̀rọ ìkọ́lé, ni tiwa. Munich ni wọ́n ti ń ṣe é, ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ti oṣù kẹrin ọdún 2025 ló kọjá, ó di 2028. Ẹ̀rọ gidi ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀, kíréènì á to ojú ọ̀run lọ bí igbó ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn iléeṣẹ́ ti máa ń ta àwòṣe tiwọn, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n kùn ní àwọ̀ tí wọn ò ní kùn mọ́ lẹ́yìn ọjà náà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í dúró wo kíréènì gidi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á sáré gba ìdí káńtà lọ.

Ní ti ọjọ́: ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú ní Jámánì, ẹ má bẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn kéékèèké ń tì kí oòrùn tó rọ̀. Ọjọ́ ìsinmi ìjọba tún pọ̀ ní Bavaria, níbi tí Nuremberg àti Munich wà, ju ibòmíràn lọ. Wọ́n ń tì ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní, tó jẹ́ pé ọjọ́ iṣẹ́ ni ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní orílẹ̀-èdè náà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kọ lẹ́tà íméèlì ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń tajà jù, yàrá kan lẹ́nu ọ̀nà ibi ìkẹ́rùsí ni “ṣọ́ọ̀bù” wọn, ẹni tí wọn ò retí á kàn bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ aago, ẹ dárúkọ ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rí. Tó bá di ọjọ́ náà, wọ́n á ti gbé e sílẹ̀ dè yín.

4. Bí ẹ bá wọlé

Ẹ kí wọn kí ẹ tó wo ọjà. Ní Bavaria, “Grüß Gott” ni ìkíni wọn, ó sì máa ń mú wọn rẹ́rìn-ín tó bá ti ẹnu àjèjì jáde. Ẹ yọ báàgì ẹ̀yìn, ẹ gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó wọ ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí òrùka ńlá, kó bọ́ ọ sápò. Mo ti rí ará wa kan tó wọ agbádá wọ irú ibẹ̀, ó sì ń yí sọ́tùn-ún sósì láti wo ohun gbogbo. Ojú ọlọ́jà ò kúrò lára apá agbádá yẹn títí ó fi jáde.

Ẹ ó rí ìwé pélébé tí wọ́n kọ “Bitte nicht berühren” sí. Ó ní kí ẹ jọ̀wọ́ má fọwọ́ kàn án. Gíláàsì wà níwájú èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn kan á wà lórí káńtà gbalasa, ibẹ̀ gan-an ni pàkúté wà. Àbúrò mi tó ń gbé Nuremberg ló tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ tí mo ń wí. Ó ti rí ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ ná.” Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ṣé òun ló máa kọ́ mi ní kíréènì ni? Òun náà ló wá dojú bolẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù láti wá píìnì lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó dìde, eruku kún imú rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló dùn mí jù.

“Darf ich?” ni kí ẹ máa wí, ìyẹn “ṣé kí n?” Bí ọlọ́jà bá mi orí, ẹ gbé ẹ̀rọ bí a ṣe ń gbé ọmọ ọwọ́: ọwọ́ kan nídìí, ọwọ́ kan lọ́rùn. Ìdí ni ibi tí táyà tàbí irin ìfà wà. Ọrùn ni ibi tí bọ́ọ̀mù ti jáde. Kí ọwọ́ yẹn kàn fara tì í kó má baà yí, kó má ṣe gbé ìwúwo kankan. Kí ìgbọ̀nwọ́ yín méjèèjì wà lórí káńtà, débi pé bó bá tilẹ̀ bọ́, kò ní jìnnà.

Ní ti ọmọdé, ẹ wo ara páálí. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò yẹ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 14. Ẹ̀yà ara rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń gúnni, ó sì ń wọ ọ̀fun. Bí ẹ bá mú ọmọ dání, ẹ ra Bruder tàbí Siku fún un ní ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré kí ẹ tó débẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ ti dí.

5. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó fẹ́ fi gbẹ́rù

Ibí ni iṣẹ́ wà. Bí mo ṣe ń yẹ kíréènì gidi wò láàárọ̀ kí wọ́n tó gbé ohunkóhun ni mo ṣe ń yẹ àwòṣe wò: láti ilẹ̀ lọ sókè, n kì í fo nǹkan kan.

Ẹsẹ̀ ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kíréènì onítáyà ní apá mẹ́rin tó ń fà jáde, tí jáàkì wà lẹ́nu wọn. Ẹ ní kí ọlọ́jà fà wọ́n jáde tán, kó yí jáàkì náà sílẹ̀; lára èyí tó dára, okùn sùkúrù kékeré ló ń mú un lọ sókè sódò, táyà á sì kúrò nílẹ̀ bíi ti gidi. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju ìyókù lọ, kíréènì á fì nígbà tí bọ́ọ̀mù bá gùn. Èyí tó ń fi irin fà, ẹ rọra tì í síwájú díẹ̀ lórí aṣọ: kí irin náà máa yí, kó má ṣe wọ́ nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kántáwéètì, àwọn irin wúwo tó wà lẹ́yìn kíréènì. Ẹ ka gbogbo rẹ̀. Nínú àwòṣe ńlá, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tò wọ́n lé ara wọn, ẹyọ kan tó bá sọnù ti ba ohun gbogbo jẹ́, nítorí àwọn ló ń fa ìdí kíréènì sílẹ̀ bó ṣe ń ṣe ní sáìtì. Ẹ wo ìwé tó bá a wá, ẹ fi iye tó wà nínú àwòrán wé iye tó wà níwájú yín.

Bọ́ọ̀mù ló kàn. Ẹ dijú kan, kí ẹ fi ojú kejì wò ó láti ìdí dé orí, bí káfíńtà ṣe ń wo pákó. Ó gbọ́dọ̀ gún régé. Bí wọ́n bá fà á jáde, kí abala kọ̀ọ̀kan dúró síbi tí wọ́n bá fà á dé. Àwọn kan ní ìdákọ́ kékeré tí ẹ ó gbọ́ tó dún tá, àwọn kan ò ní nǹkan kan ju pé wọ́n há mọ́ ara wọn. Èyí tó bá ń rọ́ padà sínú bí ẹ ṣe ń wò ó, ẹ má rà á, kò ní dúró nílé yín. Ti bọ́ọ̀mù tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ hun bí apẹ̀rẹ̀, oríkèé tí píìnì ti so abala kan mọ́ èkejì ni kí ẹ fojú sí. Ibẹ̀ ló máa ń tẹ̀.

Wàyí o, òwú. Nínú kíréènì gidi, wáyà ni; nínú èyí, òwú dúdú tín-ín-rín ni. Ó jáde láti ara ìlù wíǹṣì, ẹ̀rọ tó ń ká a, ó gun bọ́ọ̀mù lọ, ó yí púlì orí, ó wá sódò sára ìkọ́, ó padà sókè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tó lọ tó bọ̀. Ẹ fi ọmọńdinrín ta púlì kọ̀ọ̀kan: kó yí. Púlì tí wọ́n ti kùn mọ́ ojú kan á máa ha òwú títí á fi já. Àwòṣe tó jíire ní ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíǹṣì, kọ́kọ́rọ́ tín-ín-rín kan sì wà fún un nínú páálí. Kí ọlọ́jà fi yí i, kí ìkọ́ lọ sílẹ̀, kó dá ọwọ́ dúró. Ẹ wá fi ìka méjì fa ìkọ́ náà wẹ́rẹ́. Bó bá ń sá lọ sílẹ̀, bíréèkì wíǹṣì yẹn ò ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá ń ra èyí tó ti pẹ́, ẹ wá àìsàn síńkì. Àdàpọ̀ síńkì ni wọ́n ń yọ́ sínú mọ́ọ̀dù láti fi ṣe ara àwòṣe. Bí òjé bá ti wọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ, ì báà jẹ́ díẹ̀, ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á là, á tẹ̀, á sì máa rún bíi bísíkíìtì. Kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ gbé e sábẹ́ iná, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀: bí ọ̀dà bá ń ta bí awọ tí omi gbóná dà sí, tàbí tí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín bíi ti ìkòkò tó fẹ́ là, ẹ kí wọn, ẹ máa lọ. Wọ́n fi irú ẹ̀ han mi rí, bọ́ọ̀mù rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìrù ológbò, ọlọ́jà sì ń sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é.

Díńgí, àkàbà, nọ́ńbà ọkọ̀, lẹ́tà ara rẹ̀: ẹ wo wọ́n kẹ́yìn. Wọ́n sábà ń wà nínú ọ̀rá kékeré kan nísàlẹ̀ páálí, ẹ̀yin lẹ máa fi wọ́n sí i. Ẹ rí i pé wọn ò tíì já ọ̀rá náà.

6. Owó

Ojú owó ni wọ́n ń ta tuntun. Ẹ lè bèèrè ẹ̀dínwó bí ẹ bá ra méjì, ṣùgbọ́n ẹ má nájà bí ẹni tó wà ní Balógun, ẹ̀rù á bà wọ́n. Ti àlòkù ṣeé ná díẹ̀, pàápàá tí páálí rẹ̀ bá ya tàbí tí ẹ bá rí nǹkan nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ lókè. Kíréènì ńlá 1:50 lè gba ọgọ́rùn-ún yúrò mélòó kan lọ́wọ́ yín. Èyí tí wọ́n kùn ní àwọ̀ iléeṣẹ́ kan, bíi pupa Mammoet àwọn ará Netherlands, máa ń wọ́n ju yẹ́lò lásán lọ, torí pé iye tí wọ́n ṣe kéré. Ẹ mú owó ọwọ́ dání. Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké kan ò gba káàdì láti òkè òkun.

7. Ìwé, páálí àti kọ́sítọ́ọ̀mù

Ẹni tí kì í gbé orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lè gba owó orí ọjà padà, 19 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni owó orí náà ní Jámánì. Ará London wà lára wọn báyìí, ará Èkó sì ti wà lára wọn tipẹ́. Rìsíìtì gbọ́dọ̀ ju 50 yúrò lọ, ọjà sì gbọ́dọ̀ jáde kí oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé oṣù tí ẹ rà á tó pé. Ẹ sọ fún ọlọ́jà kó tó tẹ rìsíìtì, kó kọ fọ́ọ̀mù. Ṣọ́ọ̀bù tí kò bá fẹ́ ṣe é, kò pọn dandan fún un. Ìwé ìrìnnà yín àti ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé ni wọ́n máa bèèrè. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tó sì ń gbé London, kó mú ẹ̀rí ìgbé-ìlú dání.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù (“Zoll” ni ẹ ó rí) ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí ẹ tó fi àpótí sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú. Wọ́n lè ní kí ẹ ṣí i, kí wọ́n fi ojú rí kíréènì kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ti jẹ́ kí àpótí lọ tán kó tó rántí. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ di ìwé lásán. Bí ẹ bá balẹ̀ sí Britain tí ọjà yín sì ju £390 lọ, ẹ ó sọ ọ́ fún wọn, ẹ ó sì san tibẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kíréènì kan ló ju £390 lọ, orí gbogbo iye rẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣírò, kì í ṣe orí èlé.

Ẹ má ju páálí nù. Fóòmù funfun inú rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ sí ìrísí kíréènì náà, kò sí ohun mìíràn tó lè dì í mú bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹ bá sì fẹ́ tà á fún lọ́jọ́ iwájú máa bèèrè rẹ̀. Kí ẹ tó dì í, ẹ tú ìkọ́ sílẹ̀ kí òwú dẹ̀, kí ẹ fi ìwé ìnuwọ́ wé ìkọ́ kó má baà ha ọ̀dà. Ọwọ́ ni mo máa ń gbé tèmi lọ bí páálí bá bá ìwọ̀n tí ọkọ̀ òfuurufú gbà mu. Bí kò bá bá a mu, àárín àpótí ni, aṣọ lókè, aṣọ nísàlẹ̀, bàtà ní ìkangun.

8. Bí ẹ bá délé

Ẹ jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Ó ń sọ yẹ́lò di funfun. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ojú ni mo fi ń gbọn eruku, ìyàwó mi mọ̀, kò sì dùn mọ́ ọn.

Fífi òwú sí ìkọ́ ló máa gba àkókò. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kí ohun tó bá bọ́ lè hàn. Ẹ ki orí òwú bọ ìda oyin tàbí gọ́ọ̀mù díẹ̀, kó le bí abẹ́rẹ́, kí ẹ ré ẹnu rẹ̀ ní ìdábùú. Ẹ máa fi ẹ̀mú irun gbà á ní òdìkejì púlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa kà á sókè: ọ̀kan lọ, ọ̀kan bọ̀. Kí ẹ tó so ó, ẹ gbé ìkọ́ sókè kí ẹ wò ó bó bá dúró gbọnrangandan. Bó bá kọ ìhà kan, ẹ ti fo púlì kan. Ẹ tú u padà dé ibẹ̀, ẹ tún un kì, kí ẹ tó wá so ó ní kókó méjì sára bọ́ọ̀mù, kí ẹ sì fi abẹ ré ìyókù.